Kí ló dé tí kátá lásán fi ń gbé ọmọ ọwọ́ dé orí ọ́síjìn?

Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, tàbí tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ṣáà lọ sí ọsibítù àwọn ọmọdé tó wà ní Centre Igboro n'Ílọrin, tàbí kí ẹ lọ sí UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, ẹ máa rí àwọn ìyá tó gbé ọmọ oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta dání, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹ bá bi wọ́n léèrè wọ́n á ní kátá ni, kátá lásán ló bẹ̀rẹ̀ bí i. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o. Nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn tó ti ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe kátá yẹn, ó sín fún ọjọ́ méjì, ó tún ń sá kiri nínú àgbàlá. Bàbá ọmọ náà ṣe é, ó mu tíì gbígbóná, ó gba ìsọ̀ ẹ̀ lọ l'Ọ́jà Ọba. Àrùn kan náà, ilé kan náà, àmọ́ ọmọ oṣù méjì ló wà lórí ọ́síjìn. Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò pé ó fà á kọ́ ló fà á, àti torí pé láàárín ọdún mélòó kan yìí nǹkan tuntun ti jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

RSV ni orúkọ fáírọ́ọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀ jù. Kì í ṣe òun nìkan o, ìnfúlúẹ́ńsà wà ńbẹ̀, rhinovirus tó ń fa kátá ojoojúmọ́ wà ńbẹ̀, COVID náà wà ńbẹ̀, àmọ́ tó bá ti kan ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, RSV ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára àwọn chimpanzee kan tó ń ṣe kátá ní ibi ìwádìí l'Amẹ́ríkà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Robert Chanock àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i lára àwọn ọmọdé ní Baltimore. Látìgbà náà ni wọ́n ti wá mọ̀ pé kí ọmọ tó pé ọdún 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí RSV ò ní tíì kàn, ọmọ olówó ni o, ọmọ tálákà ni o. Ní 2019 nìkan, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe kárí ayé ni pé RSV wọ ẹ̀dọ̀ fóró àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ní ìgbà bíi mílíọ̀nù 33, ó gbé mílíọ̀nù 3.6 dé ọsibítù, ó sì pa ọmọ tó lé ní 100,000. Nínú àwọn tó kú yẹn, àwọn tí ò tíì pé oṣù 6 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, nínú ọmọ 100 tó kú, bíi 97 ló jẹ́ ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ìwádìí ńlá kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PERCH, orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2019, ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ọmọ 100 tí òtútù àyà tó le gbé dé ọsibítù, RSV ló wà nídìí ti bíi 31, kò sí kòkòrò míì tó tó o. Nàìjíríà ò sí nínú 7 yẹn, àmọ́ Gambia àti Mali wà ńbẹ̀, wọn ò kúkú jìnnà sí wa.

Tí ẹ bá wá bi àwọn èèyàn léèrè ìdí tó fi jẹ́ ọmọ kékeré ló ń gbé dè, wọ́n á ní ara ọmọ ò tíì gbó, kò tíì ní ohun tó máa fi bá àrùn jà. Ó jọ òótọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọmọ tuntun ní àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà. Inú oyún ló ti ní wọn, wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ẹ rò ó wò ná, oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ fi ń gbé inú ara ẹlòmíì. Ìdajì ohun tó dá a, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá, ara ìyá ò mọ̀ ọ́n rí. Tí ọmọ ogun ara ìyá bá ń bá ọmọ jà, tàbí tí ti ọmọ ń bá ìyá jà, oyún ò ní dúró. Ọlọ́hun wá ṣe é pé kí ti ọmọ máa fi sùúrù ṣe. Ó tún wá di ọjọ́ ìbí, láàárín wákàtí díẹ̀ kòkòrò tí ò lóǹkà ti wọ ara ọmọ, láti ara ìyá, láti ọwọ́ agbẹ̀bí, láti inú omi ọyàn, wọ́n lọ ń gbé inú ìfun ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ṣe é láǹfààní títí ayé ẹ̀. Tó bá ní kí òun dojú ìjà kọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ara ẹ̀ á kàn máa wú ni, á máa gbóná ṣáá, ibi tó sì yẹ kó fi dàgbà á di ojú ogun.

Nítorí náà ó nídìí tó fi ń ṣe sùúrù, àmọ́ sùúrù yẹn ni RSV ń wá. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní T cell, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ̀. Lára àgbàlagbà wọ́n yára, lára ọmọ tuntun wọ́n lọ́ra. Àwọn tó ń ní kí ìjà rọlẹ̀ ló pọ̀ lára tiẹ̀, àti àwọn míì tó jẹ́ pé ikun àti wíwú ni wọ́n máa ń pè jáde, irú èyí tó ń yọ àwọn tó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Àǹtíbọ́dì náà ńkọ́, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ láti lẹ̀ mọ́ kòkòrò kó lè dá a dúró? Ọmọ ń ṣe tiẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó ṣe é, kò pọ̀, èyí tó bá sì ṣe kì í lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì dáadáa bíi ti ẹni tó ti bá a pàdé rí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé fáírọ́ọ̀sì yẹn wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ti jẹ́lé-ó-sinmi dé, ó fọwọ́ nu imú, ó fi ọwọ́ kan náà di àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́ mú, àbúrò ti ọwọ́ bọ ẹnu, ó fi nu ojú. Ó ti parí. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ sẹ́ẹ̀lì kan nínú imú wa, sẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń ké sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ohun tó fi ń ké sí wọn ni wọ́n ń pè ní interferon, àwọn tó bá gbọ́ á múra sílẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì má ráyè nínú tiwọn. RSV wá ní purotéènì méjì kan, NS1 àti NS2, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n pa igbe yẹn mọ́ sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu. Lára àwa àgbà, igbe á ṣì jáde díẹ̀, torí ó ròkè látilẹ̀, ara wa sì ti bá RSV pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, àǹtíbọ́dì ti wà ńlẹ̀. Ti ọmọ tuntun, interferon ẹ̀ ò pọ̀ tẹ́lẹ̀, RSV tún wá fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Fáírọ́ọ̀sì á máa bí sí i nínú imú fún bíi ọjọ́ 4 sí 6 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni imú á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn tí imú bẹ̀rẹ̀ sí í dà ló máa ń le jù, torí ìgbà yẹn ló ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ fóró, ẹ̀yin ìyá ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú ọjọ́ yẹn dání, ọ̀pọ̀ ló ti dá ọkàn ara wọn lẹ́bi pé àwọn ò tètè ṣe nǹkan nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kìíní kò yàtọ̀ sí kátá tí gbogbo ọmọ ń ṣe.

Ìgbà tí ọmọ ogun ara á fi gbọ́, fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀, wọ́n á wá ya bo ibẹ̀. Àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé, tí wọ́n bá fa omi inú òpó èémí ọmọ tí àìsàn yìí ti wọ̀ lára wò, àwọn nìkan lè gba bíi 80 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì tó wá jà. Wọ́n ń jà lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kú sí, ohun tó wà nínú wọn á tú síta, á pò mọ́ ikun, á pò mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti já bọ́ lára ògiri òpó èémí, gbogbo ẹ̀ á wá ki pọ̀. Ògiri òpó náà fúnra ẹ̀ á wú. Lára èmi àti ẹ̀yin, wíwú yẹn ò tó nǹkan, a kàn máa wúkọ́ ni. Àmọ́ òpó èémí kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀ fóró ọmọ oṣù méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ̀ tó mìlímítà 1. Ẹ mú straw tí ẹ fi ń mu yọ́gọ́ọ̀tì, ẹ fi ìka fún un pọ̀ dé ìdajì, kí ẹ wá máa fà á, ẹ máa rí i pé wàhálà tó wà níbẹ̀ kọjá ìlọ́po méjì. Tí ihò òpó bá kù sí ìdajì, agbára tí afẹ́fẹ́ máa fi kọjá nínú ẹ̀ á di ìlọ́po 16. Ọmọ tí iṣan àyà ẹ̀ ò ju kékeré lọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní gbogbo ìṣẹ́jú, tọ̀sán tòru, kò ráyè mu ọmú, kò ráyè sùn, ó rẹ̀ ẹ́ dé góńgó.

Ìyẹn ni pé kì í ṣe fáànù ló kó o bá a, kì í ṣe torí pé wọ́n wẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Ọyẹ́ máa ń ká gbogbo ilé mọ́ yàrá kan, ó ń gbẹ imú, eruku ẹ̀ àti èéfín igi ìdáná ń ha òpó èémí, wọ́n ń ran àrùn lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí fáírọ́ọ̀sì ò bá sí, òtútù lásán ò lè ṣe ohun tí mo ṣàlàyé yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa gan-an, àsìkò òjò ni RSV máa ń pọ̀ jù. Ìjà tí ara ọmọ ń jà, tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ tó sì wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òpó tóóró, ó wà nínú ohun tó ń dí ọmọ lọ́nà èémí.

Kí ló wá ń gba àwọn tó pọ̀ jù sílẹ̀? Nǹkan tí ìyá gbé fún wọn ni. Láti bíi oṣù kẹrin oyún ni àǹtíbọ́dì ìyá ti ń gba inú ibi ọmọ wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn oyún ló ń kọjá. Ọmọ tó bá gbó dáadáa kó tó wáyé, àǹtíbọ́dì tó wà lára ẹ̀ lọ́jọ́ ìbí lè ju ti ìyá tó bí i lọ. Ọmọ tó bá wáyé ní oṣù keje ò dúró gba èyí tó pọ̀ jù, ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn dọ́kítà fi ń bẹ̀rù kátá lára ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé nìyẹn. Èyí tó gbà náà kì í pẹ́ títí, bíi oṣù kan síra wọn ló ń dín kù sí ìdajì, tó bá fi máa di oṣù 6 èyí tó kù ò tó nǹkan mọ́. Àti pé ti RSV gan-an lára ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, torí ìgbà tí ìyá ṣe kátá yẹn gbẹ̀yìn lè ti pẹ́, ara ẹ̀ ti rọlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ oṣù 2 tàbí 3 fi lè ti wà nínú ewu bí ìyá ẹ̀ tiẹ̀ lera.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí ìyá tó bá ti lọ antenatal rí. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gún fún aboyún lápá, torí ọmọ ni jù. Ara ìyá á ṣe àǹtíbọ́dì, á gbé e fún ọmọ, ọmọ á fi gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń gba ojú ìwọ́ wọlé. Ní Ọ̀fà, l'Ómù-Àrán, ní Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn ìyá àtàwọn ìyá àgbà wa ti ń gba abẹ́rẹ́ yìí tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ibà náà tún wà ńbẹ̀, mo sì fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀ torí a ò kì í so wọ́n pọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gambia, tí wọ́n gbé jáde ní 2001, fi hàn pé tí kòkòrò ibà bá ti wọ inú ibi ọmọ, àǹtíbọ́dì tó yẹ kó kọjá sára ọmọ á dín kù, ti RSV wà nínú ẹ̀. Oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì ń fún aboyún pé kó gbé mì níwájú òun, tí àwọn kan ń fi sábẹ́ ahọ́n tí wọ́n á lọ tu ú dànù lẹ́yìn géètì torí pé ó ń rì wọ́n, ẹ̀dọ̀ fóró ọmọ tí wọn ò tíì bí wà lára ohun tí oògùn yẹn ń tọ́jú.

Omi ọyàn náà ń ṣe tiẹ̀. Àǹtíbọ́dì inú omi ọyàn kì í sábà wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, inú ẹnu, ọ̀fun àti ìfun ló ń jókòó sí, níbi tí kòkòrò ń gbà wọlé. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tó máa ń rí bíi àwọ̀ ìyeyè, òun ni irú àǹtíbọ́dì yẹn pọ̀ sí jù, òun náà sì ni àwọn kan ṣì ń fún dànù pé ó dọ̀tí. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ti 2018 sọ pé nínú ọmọ 100 tí ò tíì pé oṣù 6, 29 péré ni wọ́n ń fún lọ́mú nìkan láìfi omi tàbí àgbo kún un. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí ìyá àgbà ní kí wọ́n fún ọmọ lómi, oòrùn Ìlọrin kì í ṣe kékeré, àmọ́ omi tó wà nínú ọmú tó ọmọ, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò wá ṣe abẹ́rẹ́ fún RSV látọjọ́ yìí, wọ́n gbìyànjú o. Ní 1966 l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní formalin pa RSV, wọ́n gún un fún àwọn ọmọdé, bí wọ́n ṣe ti fi ọgbọ́n kan náà ṣẹ́gun pólíò. Ìgbà tí RSV wá wọ̀lú, nínú ọmọ 20 tó gba abẹ́rẹ́ náà ní ibì kan tí wọ́n sì kó àrùn ọ̀hún, 16 dèrò ọsibítù, 2 kú. Nínú àwọn ọmọ tí ò gbà á tí wọ́n kó àrùn kan náà, bíi 5 nínú 100 ló dèrò ọsibítù. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó lóye ẹ̀. Àǹtíbọ́dì tí abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ara ọmọ láti ṣe, ó ń lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì àmọ́ kò lè dá a dúró, irú T cell tó sì jí dìde ni èyí tó ń pe ikun àti wíwú, tí RSV gidi bá wá dé, ara ọmọ á tú gbogbo ẹ̀ jáde sínú òpó èémí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù bá gbogbo ayé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ RSV fún ọmọ ọwọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Èyí tó jáde ní 1998, palivizumab, àǹtíbọ́dì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni, oṣooṣù ni wọ́n ń gún un, owó ẹ̀ ga, àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé àtàwọn tí ọkàn wọn ní àléébù ni wọ́n ń fún.

Ọdún 2013 ni nǹkan yí padà. RSV ní purotéènì kan lára tí wọ́n ń pè ní F, òun ló fi ń wọ sẹ́ẹ̀lì. Ìrísí méjì ló ní, ọ̀kan kó tó wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó bá ti wọlé tán. Àǹtíbọ́dì tó lágbára jù, ìrísí àkọ́kọ́ yẹn ló ń dì mọ́, ìrísí yẹn kì í sì í dúró, bí wọ́n bá yọ ọ́ báyìí ó ti yí padà. Jason McLellan, Barney Graham, Peter Kwong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ìjọba l'Amẹ́ríkà, wá rí ìrísí àkọ́kọ́ yẹn ní kedere, wọ́n sì wá ọgbọ́n tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ kó má yí mọ́. (Irú ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n padà lò sára abẹ́rẹ́ COVID.)

Látibẹ̀ ni nǹkan méjì ti jáde, ó sì dùn mọ́ mi pé kò sí èyí tó ní kí ọmọ ọwọ́ fúnra ẹ̀ lọ kọ́ ìjà nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ aboyún, Abrysvo ni Pfizer, iléeṣẹ́ tó ṣe é, pè é, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní August 2023. Ìyá ni wọ́n ń gún, ara ìyá á ṣe àǹtíbọ́dì tó pọ̀, á gbé e fún ọmọ kí wọ́n tó bí i, ọ̀nà tẹ́tánọ́ọ̀sì gẹ́lẹ́. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe, ó dín àìsàn RSV tó le kù ní bíi 82 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọmọ, tó bá fi di oṣù mẹ́fà ó ṣì ń dáàbò bíi 69 nínú 100. Èkejì ni nirsevimab, ọmọ ni wọ́n ń gún un, ẹ̀ẹ̀kan péré, àǹtíbọ́dì tó ti jinná ni, ó ń ṣiṣẹ́ fún bíi oṣù márùn-ún ó kéré tán. Europe fọwọ́ sí i ní 2022, Amẹ́ríkà ní 2023. Ní Galicia ní Spain, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọ tuntun lọ́dún 2023, àwọn tó ń tìtorí RSV wọ ọsibítù dín kù ní bíi 82 nínú 100.

Ní March 2025, WHO fọwọ́ sí Abrysvo pé àjọ àgbáyé lè máa rà á fún àwọn orílẹ̀-èdè, ní May ọdún yẹn náà wọ́n ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ti aboyún ni kí wọ́n gún láti ọ̀sẹ̀ 28 oyún. Ọ̀rọ̀ tó kù ni owó àti ètò. Gavi, àjọ tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa dá sí owó abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ní in lọ́kàn láti 2018 pé àwọn máa ran abẹ́rẹ́ RSV aboyún lọ́wọ́ nígbà tó bá jáde, COVID wá dé, ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Nàìjíríà náà ní láti máa gbé púpọ̀ sí i nínú owó abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀, torí 2028 ni àdéhùn àwa àti Gavi ń lọ sópin. Tèmi ni pé abẹ́rẹ́ aboyún ló bá wa mu jù. Ilé antenatal ti wà, nọ́ọ̀sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gún aboyún lápá, fíríìjì tó ń tọ́jú tẹ́tánọ́ọ̀sì ti wà ńlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Ohun tó máa fún wa níṣẹ́ ni àwọn ìyá tó jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń lọ forúkọ sílẹ̀, torí ara ìyá nílò bíi ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán láti ṣe àǹtíbọ́dì kó sì gbé e fún ọmọ kó tó rọbí. Kí àwọn tó ń ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ Kwárà àti l'Ábùjá máa béèrè ọ̀rọ̀ yìí nígbà bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà ẹ máa bi wọ́n.

Kó tó dé, ọwọ́ wa ló kù sí. Ampiclox tí a ń lọ rà ní kẹ́mísìtì ò lè pa fáírọ́ọ̀sì, bakitéríà ló ń pa. Tí nọ́ọ̀sì bá kọ amoxicillin fún ọmọ tó ń mí sáré, ẹ gbà á o, torí ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín òtútù àyà bakitéríà àti ti fáírọ́ọ̀sì, ìlànà WHO ló ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kí á dá a rà fún imú tó ń dà lásán, ìyẹn ni mo ní ká jáwọ́ ńbẹ̀. Ohun tí dọ́kítà máa ṣe fún ọmọ tí RSV dè kò pọ̀, ọ́síjìn, oúnjẹ tàbí omi tí wọ́n máa fi rọ́bà gbà wọlé, fífa imú, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ títí ìjà á fi rọlẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn pé wọn ò fún un ní oògùn mẹ́wàá.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni rírọ ọmọ. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fọwọ́ dí i nímú díẹ̀, àgbo á máa wọlé gbùdùgbùdù bó ṣe ń sunkún. Ọmọ tó ń mí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan ò ní àyè tó máa fi gbé nǹkan mì kó tún mí, inú ẹ̀dọ̀ fóró tó ti dí tẹ́lẹ̀ ni àgbo yẹn máa lọ. Àdín tàbí epo tí wọ́n ń kán sí imú náà, tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀dọ̀ fóró, ó ń dá òtútù àyà tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú ọmọ ni kí ẹ kán, kí ẹ sì fi rọ́bà kékeré fa ikun náà jáde kí ọmọ tó mu ọmú, torí ìyá tó ń fi ẹnu ara ẹ̀ fa á náà ń gba kátá, á sì tún máa gbé e kiri. Níbi ìsọmọlórúkọ, kí ẹni tó bá ń ṣe kátá máa ki ìyá ọmọ láti ẹnu ọ̀nà, kí àwọn tó máa gbé ọmọ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Kò sí àáfáà tàbí mọ̀lẹ́bí gidi tó máa bínú sí ìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ilé nìyí. Ẹ ká aṣọ ọmọ sókè dé ọrùn nígbà tó bá dákẹ́, ẹ tan fóònù, ẹ fi sórí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa ka bí ikùn ẹ̀ ṣe ń gbéra. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 2, tó bá tó 60, ọsibítù ni. Láti oṣù 2 sí 11, 50. Láti ọdún 1 sí 5, 40. Ẹ tún wo abẹ́ egungun ìhà, tí ẹran ibẹ̀ bá ń wọnú lọ bó ṣe ń fa èémí, bí ihò imú ẹ̀ bá ń fẹ̀, bó bá ń kérora lẹ́yìn èémí kọ̀ọ̀kan, bó bá kọ ọmú, bí gìrì bá mú un, bí ètè ẹ̀ bá ń yí àwọ̀, bó bá dá èémí dúró díẹ̀ kó tó tún mí, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ẹ má sọ pé kí ọkọ ti ibi iṣẹ́ dé ná. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé lè má wúkọ́ rárá, kó jẹ́ dídá èémí dúró yẹn ni àmì àkọ́kọ́. Nǹkan kékeré tó ń tan iná pupa tí nọ́ọ̀sì máa há mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, kò dun ọmọ, ó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni, tí wọn ò bá há a mọ́ ọn, ẹ rọra bi wọ́n léèrè, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wo ọ́síjìn ẹ̀."

Lẹ́yìn tó bá sàn, ikọ́ lè ṣì máa wà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ó sì lè tún kó RSV lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ara kì í rántí ẹ̀ títí bíi ti ìgbóná ọmọdé (measles), àmọ́ ìgbà kejì máa ń fúyẹ́ torí òpó èémí ti fẹ̀ sí i, àǹtíbọ́dì tó ti ara ọmọ fúnra ẹ̀ wá sì ti wà ńlẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ti wọ ọsibítù nítorí ẹ̀ máa ń mí fèéfèé fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ fún dọ́kítà tí ẹ bá tún lọ. Tó bá sì jẹ́ kátá lásán ló ń ṣe ọmọ nígbà tí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 tàbí 14 tó, ẹ gbé e lọ, ẹ má sún un síwájú, nọ́ọ̀sì ló máa wò ó bóyá ó yẹ kó gbà á lọ́jọ́ yẹn.